Ọmọ Ilé Doña Hilaria

Nígbà tí Don Chema dé láti ṣí ilé ìfọṣọ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ìwé náà ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù aláwọ̀ ewé lẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ilé mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀: orúkọ àgbà kan, orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ orí wọn, àti ọ̀rọ̀ kan náà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan pé, "Kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè." Lókè pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: ÈYÍ NI NEREIDA TI ÌKÀNÌYÀN Ń KỌ NÍPA YÍN.

Nígbà tó fi máa di aago méje, gbogbo El Mezquital, àdúgbò àwọn tó ti òdì kejì odò ààlà wá, ti gbọ́. Ní aago mẹ́jọ, ẹnìkan ti ju bíríkì lu gíláàsì iwájú ọkọ̀ Nereida, ọmọbìnrin náà sì wà nínú ọkọ̀ o. Ní aago mẹ́sàn-án, Maura ti ń ti bẹ́ẹ̀dì sórí píkọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀. Maura yìí ni ìyá ìsàmì Nereida, òun ló gbé e lọ́wọ́ lọ sídìí omi ìsàmì ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Ó ní tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ òun kò ní sí nínú ilé yẹn mọ́, Arkansas ni àwọn ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò òun. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá kọ́, yàrá kan lẹ́yìn yàrá kan, títí dórí igi ọsàn tó wà níwájú ilé, ó fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ìwé ẹyọ kan. Gbogbo àdúgbò ló sì ń wo Maura. Tí píkọ́ọ̀pù yẹn bá fi lè kúrò, ilé mẹ́wàá á tẹ̀lé e kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nereida sáré lọ bá Doña Amparo Treviño. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà, kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì mú sùúrù kankan ti ibẹ̀ bọ̀. Ohun tó ń bí i nínú kò pọ̀: kó o ṣáà jẹ́ òmùgọ̀, kó o sì máa sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń lá èso gbígbẹ oníyọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń rà, ó sì ń wo ọmọ náà bí ó ṣe ń sunkún.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Doña Amparo! Ẹ̀yin náà?"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Má fi ẹkún dá mi lóhùn."

"Èmi kọ́. N kò tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé ìkànìyàn máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè ni àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá ìbéèrè yẹn dúró láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá."

"Mo mọ̀. Àwọn aláṣọ ńlá fi ọdún kan gbáko pariwo lé e lórí nínú tẹlifíṣọ̀n. A ó bi í, a ò ní bi í, a ó bi í. Nígbà tí wọ́n pariwo tán, wọ́n palẹ̀ ìbéèrè mọ́, wọ́n fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún wa. Àwọn náà ti wà nídìí oúnjẹ alẹ́ wọn báyìí." Ó tu kóró èso sílẹ̀. "Bọ́ sọ́nà. Kó o sì yọ gíláàsì tó wà nínú irun rẹ yẹn."

Nereida kò yọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá ìsàmì òun rí i.

Ní ilé ìfọṣọ, àwọn ẹ̀rọ ń yí, ẹnu náà sì ń yí. Don Chema dúró lẹ́yìn káńtà, ó ń bá Ofelia jà, obìnrin kan tó ń ká aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́.

"Kí ló tiẹ̀ burú nínú ìbéèrè yẹn?" ni Don Chema ń wí. "Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ mọ iye ọmọ tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tò lórí ìlà kí n tó gba ìwé mi. Ẹ bi mí! Tayọ̀tayọ̀ ni màá fi dáhùn."

"Ìwọ á dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ọkọ mi ńkọ́?" Ofelia ju ṣòkòtò kan sílẹ̀. "Nínú ilé kan ṣoṣo, èmi ní ìwé, àwọn ọmọ ní ìwé, òun kò ní. Bí wọ́n bá bi wá, a ò kúkú ní dáhùn rárá. Wọn á ka odindi ènìyàn mẹ́fà sí òfo. Tí wọ́n bá wá fẹ́ kọ́ ilé ìwé, wọn á ní kò sí ọmọ ní Mezquital."

"Ṣé èmi ni mo ní kí ọkọ ẹ má ní ìwé?"

"Don Chema, ẹ má jẹ́ kí n sọ ìsọkúsọ sí yín o!"

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Amparo wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ń pa ara yín lórí ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Ọlọ́run mà fún yín lẹ́nu o. Don Chema, sẹ́lótéèpù aláwọ̀ ewé yìí, tìrẹ ni?"

Ojú Don Chema yí padà. Lára ẹ̀rọ mẹ́ta tó ti bàjẹ́, sẹ́lótéèpù kan náà ló fi lẹ ìwé "Má lò ó" mọ́ wọn. "Tèmi ni. Ṣùgbọ́n orí káńtà ló máa ń wà. Ènìyàn mẹ́ta ló yá a lánàá. Ìyá tó ń ta ọmọ ajá. Ọ̀gbẹ́ni Elizondo láti ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Quiroga, ó fi lẹ ìwé ìpàdé tòní, kò sì tíì dá a padà. Àti..." Ó wo Nereida, ó wolẹ̀. "Àti ọmọ yìí, láàárọ̀ àná, fún pósítà ìkànìyàn rẹ̀."

"Ẹ ò rí i!" ni Ofelia ké. "Mo sọ ọ́! Ọmọ tí a jọ tọ́!"

"Pa ẹnu mọ́, Ofelia. Orúkọ rẹ wà níbí?"

"Ìlà kẹfà. Èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta."

"Ọmọ mélòó lo ní?"

"Mẹ́rin. Wọn ò kọ Ximena, ọmọ ọwọ́ mi. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ni mo bí i." Ó tún ìlà náà kà. "Kí ló dé tí wọn ò kọ Ximena?"

"Ọpẹ́ o. O ti ń ronú. Don Chema, ilé tìrẹ?"

"Wọ́n kọ Damián, ọmọ ọmọ mi. Ìyẹn kò tilẹ̀ sí nílé mọ́. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí Houston lẹ́yìn Ọjọ́ Àwọn Ọba, àjọ̀dún tó bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní."

Amparo fi èso mìíràn sẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bí lóṣù kìíní kò sí nínú ìwé, ẹni tó lọ lóṣù kìíní wà nínú ẹ̀. Nígbà náà, ìwé yìí ti wà kí oṣù kìíní tó rìn jìnnà, ní nǹkan bí oṣù kejìlá ni wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ni Nereida bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka ènìyàn kì í kọ àgbà ẹyọ kan kí ó wá to gbogbo ọmọ tẹ̀lé e bí ẹni to ìkòkò. Ìwé ọmọdé ni èyí. Ta ló ń kọ orúkọ ọmọdé ní oṣù kejìlá? Ilé ìwé kọ́, nítorí ọmọ Ofelia tí kò tíì pé ọdún méjì wà níbẹ̀. Ilé ìjọsìn Bàbá àlùfáà kọ́, nítorí ilé márùn-ún nínú wọn ni kì í wọ ibẹ̀, alelúyà ni wọ́n, ìjọ ajíhìnrere ni wọ́n ń lọ.

Ó wá fi ìka tọ ìlà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lórí ìkẹtàlá. *Hilaria Mireles. Ọmọ: Manuel, ọkùnrin, ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè.*

"Háà," ni Amparo wí. "Ènìyàn mélòó ló ti ka ìwé yìí láti àárọ̀?"

"Á tó ọgọ́rùn-ún," ni Don Chema dáhùn.

"Ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Kálukú ka ìlà tirẹ̀, ó sì bẹ́ lu ìgbẹ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ka ti aládùúgbò rẹ̀." Ó fa ìwé náà ya kúrò lára ògiri. "Ẹ wò yín. Orí tí ẹ fi ń ju bíríkì, ẹ ò lè fi kàwé."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Doña Hilaria. Opó ni, kò sì bímọ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó nínú ilé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó ń bó ewé nópálì, ọ̀rọ́ tí wọ́n ń sè jẹ, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gún rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ó rí Amparo àti Nereida lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka kan ètè.

"Ẹ rọra. Ó ń sinmi."

"Ta ló ń sinmi, Doña Hilaria?"

Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ hàn wọ́n. Lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, lórí àga onígi tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, ni ère Jésù Ọmọ-ọwọ́ jókòó sí. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló ṣì kọjá lẹ́yìn Kandelária, àjọ̀dún tí wọ́n máa ń wọ aṣọ tuntun fún ère Jésù, aṣọ àlà tuntun tí wọ́n rán fún un lọ́jọ́ náà ṣì ń dán lára rẹ̀. Ó wọ bàtà onírun. Ọkọ̀ akẹ́rù pupa kékeré kan, oníke, sì wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti bímọ," ni Amparo wí.

"Ìwọ náà! Manuelito mi nìyí, ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ta ló fún un lọ́kọ̀?"

"Àwọn tó ń pín ohun ìṣeré nígbà Kérésì ni. Píkọ́ọ̀pù wọn kún bámú! Ọkùnrin onífìlà náà ní, 'Màmá, ṣé ọmọ wà nílé?' Mo ní ó wà. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀? Mo ní Manuelito. Ó ní ọmọ ọdún mélòó? Mo wo ojú Rẹ̀, mo ní kó kọ mẹ́ta sílẹ̀." Ó gbé ọ̀bẹ dúró. "Àbí irọ́ ni mo pa? Gbogbo ọmọ àdúgbò gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ ìbí Rẹ̀, kí Òun tó ni ọjọ́ ìbí wá jókòó kó má gba nǹkan kan? Ṣé ìyẹn dára?"

"Kò dára rárá, màmá. Ọkùnrin náà kò wọlé wá wo ọmọ?"

"Ta ni, ìyẹn? Òjò ti rọ̀. Bàtà rẹ̀ funfun báyìí, inú ọkọ̀ ló jókòó sí tó ń kọ̀wé."

"Ǹjẹ́ ẹlòmíràn tún wá bi yín léèrè ọmọ?"

"Ta ni yóò bi arúgbó bíi tèmi léèrè ọmọ?"

Amparo gbé ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Sítíkà wúrà kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán ọkùnrin eléyín gàngà, tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: KỌMÍṢỌ́NÀ QUIROGA, Ọ̀RẸ́ ÌDÍLÉ YÍN. Amparo bú sẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín báyẹn, ẹ̀rù tiẹ̀ ba Nereida.

"Doña Amparo, kí lẹ rí?"

"Orúkọ tí kò sí nínú ìwé kankan lábẹ́ ọ̀run àfi ìwé kan ṣoṣo. Gbogbo ọdún méjìlá tí Quiroga fi ń pariwo pé òun mọ àwọn ènìyàn òun, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ ilé ìdáná ẹnìkan rí. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín kí ẹ má dáhùn ìkànìyàn. Bí iye yín bá pé, wọn á tún ààlà wọ́ọ̀dù fà, ìbò Mezquital á bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sá pamọ́, ìjókòó rẹ̀ dúró gbọn-in." Ó dá ọkọ̀ náà padà síbi ẹsẹ̀ Manuelito. "Doña Hilaria, ẹ bá mi wọ ibòrùn. Ẹ ó gbé ọmọ yín ṣeré jáde ní aago mẹ́ta."

Ó tún tẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù láago, Kọ́pọ́rà Benavides, pé kó wá mu omi ọ̀fẹ́ níbi ìpàdé Elizondo.

Ní aago mẹ́ta, Elizondo dé pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti páálí omi inú ike. Bàtà rẹ̀ funfun. Ó wá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ilé Maura gan-an, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wo ẹrù tó ń gòkè sórí píkọ́ọ̀pù. Ìsìnkú ń dùn mọ́ igún.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló bẹ̀rẹ̀. "Ọkàn Kọmíṣọ́nà bàjẹ́. Ẹ ti rí i fúnra yín. Tí ìwé wọn bá dé, ẹ má kọ ohunkóhun sínú ẹ̀. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Àwa nìkan ni ẹ lè fọkàn tán."

"Ọ̀gbẹ́ni Elizondo," Amparo fi ohùn arúgbó pè é, ohùn tí kì í lò. "Ọmọ kan ló ń kọ mí lóminú, ọmọ ilé kẹtàlá, Manuel tilé Doña Hilaria. Wọ́n kọ òun náà sílẹ̀."

Elizondo fi ọwọ́ lé àyà. "Manuel! Èmi mọ Manuel dáadáa, màmá. Èmi fúnra mi ni mo fi ohun ìṣeré lé e lọ́wọ́ nígbà Kérésì."

Àwọn èrò wo ojú ara wọn. Ofelia bo ẹnu.

"Ó dúpẹ́?" ni Amparo béèrè.

"Ó dì mọ́ mi! Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n gbé òun sókè."

"O gbé e?"

"Mo gbé e, màmá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n lọ."

"Ọlọ́run á san án fún ọ. Doña Hilaria, ẹ mú Manuel wá kó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ìyá àgbà náà jáde láàárín èrò, ó tú ibòrùn ọwọ́ rẹ̀. Oòrùn kan adé kékeré orí ère náà. Elizondo wò ó, ó wo ojú àwọn ènìyàn, ó tún wò ó.

"Gbé e sókè," ni Amparo wí, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. "Ó mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bi í léèrè ìwé rẹ̀ náà. Ìwọ lo kọ ọ́ pé Jésù kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n á ti gbọ́ ọ lódì kejì odò. Elizondo ń làágùn. Ó ní ẹnìkan ló jí ìwé ohun ìṣeré ọ́fíìsì àwọn, pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

"Wọ́n lè jí ìwé," ni Amparo dá a lóhùn. "Ta ló jí ọ lẹ́nu tí o fi parọ́ mọ́ ère? Don Chema, sẹ́lótéèpù rẹ dà?"

Benavides, tó ti ń mu omi láàárín èrò, ti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ọkọ̀ Elizondo. Ó mú un jáde láti iwájú sítíárìn, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ẹ̀dà mẹ́rin mìíràn ti ìwé ilé mọ́kàndínlógún náà tí wọn ò tíì lẹ̀. Ó ní kí ọ̀gbẹ́ni náà jọ̀wọ́ bá òun ká lọ sí ọ́fíìsì. Elizondo tẹ ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà tẹ̀lé e lọ, bàtà funfun àti gbogbo ẹ̀.

Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́. Amparo yíjú sí wọn.

"Ta lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ta ló ju bíríkì láàárọ̀?" Ọkùnrin méjì wolẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. "Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ kò yàtọ̀ sí i, bàtà yín ló kàn dọ̀tí."

Maura nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró ti píkọ́ọ̀pù, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti ní orúkọ wa, Amparo. Kì í ṣe Nereida ló kọ ọ́, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ wa."

Amparo kò lè purọ́ fún un. "Wọ́n ní in," ló wí. "Benavides á gba ìwé wọn. Ojú tó ti kà á, n kò lè fọ̀ ọ́."

Maura tún bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kó lu aago mẹ́rin.

Doña Hilaria fà mọ́ Nereida. "Ọmọ mi, tí ìwé yín yẹn bá dé, ènìyàn mélòó ni kí n kọ sílé mi?"

"Ẹnì kan, màmá."

"Manuelito ńkọ́?"

"Wọ́n ti ka ìyẹn tẹ́lẹ̀," ni Amparo wí. "Ìkànìyàn ló lé ìyá rẹ̀ dójú ọ̀nà tó fi bí i sí ibùjẹ ẹran."

"Wọ́n kà á tán," ni Maura fèsì, kò gbójú sókè, "ó sì sá lọ sí Íjíbítì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Doña Hilaria fi ibòrùn bo ère rẹ̀ padà, ó wọ́ ọ dé igbá àyà bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́.

"Ó sá lọ lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó padà wálé, Maura. Ilé ló padà sí."

Maura wo igi ọsàn rẹ̀. Ó wo Nereida, tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fọ́, ẹni tí òun kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó lọ bá a, ó fi ìka méjì yọ gíláàsì kan nínú irun rẹ̀, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta, ó ń kó wọn sínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀.

"Dárí jì mí, ọmọ mi."

"Màmá, ọwọ́ yín."

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Ó pariwo sí ọkọ rẹ̀ lórí píkọ́ọ̀pù. "Eleuterio! Sọ bẹ́ẹ̀dì yẹn kalẹ̀. Ó wúwo jù láti gbé lọ sí Íjíbítì." Ó wá yíjú sí ọmọ ìsàmì rẹ̀. "Ẹni mẹ́fà ni wá. Nígbà tí ìwé náà bá dé, ìwọ ni kó o wá jókòó tì mí kí n kọ ọ́. Mẹ́fà."

Amparo tu kóró tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó sì di orí bẹ́ẹ̀dì mú lọ́nà ẹ̀yìn, nítorí kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ tó wá gbé e.